Ẹ̀wù Pupa Inú Gbọ̀ngàn

Nínú ẹbí ìyá mi, ọkùnrin kan wà tó ń bá àwọn ènìyàn ra ìpín ilé-iṣẹ́, tó sì ń bá wọn tà á. Gbọ̀ngàn ńlá kan ní Èkó ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń nájà. Ẹ̀wù pupa ni gbogbo wọn ń wọ̀, ariwo sì ni wọ́n fi ń tà. Ìdílé wa kì í ṣe ìdílé aláriwo, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà yẹ ẹ́.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bú ara wọn.

"Ahun tún dé! Ṣé wàá rà lónìí, àbí afẹ́fẹ́ tútù lo wá gbà?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre. Ìgbà tí o bá mú ọjà gidi wá, màá rà."

Àṣà kan wà láàárín wọn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta ohun tó pọ̀ pẹ̀lú ìkánjú, ẹni tó fẹ́ rà á yóò kọ́kọ́ sún mọ́ ọn, yóò wo ojú rẹ̀, yóò sì bi í pé, "Ṣé àlàáfíà ni ilé wà?" Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń sọ iye.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà dé. Wọ́n ní kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ wá dúró sí gbọ̀ngàn mọ́. Kálukú mú ẹ̀wù rẹ̀ lọ sílé. Ọkùnrin yìí yọ̀ pé òun kò ní máa jí ní kùtùkùtù mọ́. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣèlérí pé àwọn á máa rí ara wọn. Wọn kò rí ara wọn.

Lọ́jọ́ kan, ó rí i lójú ẹ̀rọ pé ẹnì kan ń ta ìpín púpọ̀ ní owó pọ́ọ́kú, bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ẹ̀rọ kì í dárúkọ. Ó tẹ bọ́tìnì, ó ra gbogbo rẹ̀, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wo oríire.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè é síbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àìsàn ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Opó rẹ̀ ní gbogbo ìpín tó ní ló tà láti fi tọ́jú ara, ó sì sọ ọjọ́ tó tà á àti orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ìgbà náà ni ọkùnrin náà mọ̀ pé òun gan-an lòun rà á.

Ẹ̀wù pupa olóògbé ṣì wà lára ògiri. Opó ní, "Ó wọ̀ ọ́ wò lóṣù tó kọjá. Ńṣe ló ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀, bí aṣọ tí a sá sórí okùn."

Ọkùnrin náà ní, "Ká ní mo rí i nínú ẹ̀wù yẹn ni, mi ò ní béèrè èló."

Àwọn ènìyàn ń jiyàn bóyá ọjà yẹn ṣì nílò ẹni tí yóò dúró síbẹ̀. Kò nílò ẹnikẹ́ni. Ó ń tà, ó ń rà, ó sì yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì yẹn ló nílò ibi tí wọn yóò ti máa rí ara wọn.

Olúgbùyì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ lo ní kí a máa fi fóònù ṣèpàdé ẹbí, mo sì gbà. Lánàá, lórí fóònù náà, ẹ̀gbọ́n rẹ ní òun fẹ́ ta ìpín òun nínú ilẹ̀ bàbá yín, kí ó sì yá. O ní wàá rà á. Mo ń retí kí o béèrè ohun kan sí i. O ò béèrè. Èmi ni mo mọ ohun tí ojú bàbá yín rí kó tó ní ilẹ̀ yẹn, mo sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ kì í fi ilẹ̀ náà ṣeré.

Wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́la. Má wulẹ̀ sọ fún un pé o ń bọ̀. Bó bá ṣílẹ̀kùn, wo bí aṣọ ṣe rí lára rẹ̀ kí o tó dárúkọ ilẹ̀.