Àfàìwá: Bí A Ṣe Tẹ Ìdóbàbà Dó

Ẹ̀yin ọmọ Ìdóbàbà, ọmọ òkúta dúdú tí ń so èso pupa, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó bí yín. Bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni bàbá tirẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ta ni ó fún yín ní ilẹ̀ tí ẹ wà lórí rẹ̀, ẹ má ṣe wolẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fún wa. A dúró lé e lórí ni.

Ọba kan jẹ ní Ìṣàràgbà láyé àtijọ́, ó sì bí ọmọkùnrin méjì. Adégoróyè ni ẹ̀gbọ́n, Adéṣàkin ni àbúrò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ń fẹ́, iná ran ilé tí àwọn ọmọ náà wà. Adégoróyè ti bọ́ síta ná, ṣùgbọ́n ó gbọ́ igbe àbúrò rẹ̀ nínú èéfín, ó sì padà wọlé. Ó gbé e jáde. Bí ó ti ń jáde bọ̀ ni igi àjà já lu ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìka mẹ́ta rún. Àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá nìkan ni ó kù.

Nígbà tí ọba wàjà, àwọn afọbajẹ wo ọwọ́ Adégoróyè, wọ́n ní Ìṣàràgbà kì í fi ẹni tí ara rẹ̀ kò pé jọba. Wọ́n gbé adé fún àbúrò. Adégoróyè kò bá wọn jà. Ohun kan péré ni ó béèrè, ìyẹn ẹ̀gbà bàbà tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹ rántí pé ní ayé ìgbà náà, òkè ọ̀nà jíjìn ni bàbà ti ń wá, ẹrù kan ṣoṣo ni àwọn oníṣòwò ń gbé dé lọ́dún, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fi í sára bí kò ṣe ọba àti ẹni tí ọba bá fún.

Adéṣàkin wo ọwọ́ náà lójú gbogbo ìjòyè. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbà ọba kì í gbé ọwọ́ tí kò pé.”

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Adégoróyè ní, “Ọwọ́ tí kò pé yìí ni ó gbé ọ jáde nínú iná.” Ó kọ ẹ̀yìn sí ìtẹ́, ó sì rìn jáde láì fẹ̀yìn rìn gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe níwájú ọba. Kí oòrùn tó yí, ó ti fi ìlú sílẹ̀.

Ìyúnadé aya rẹ̀ bá a lọ, amọ̀kòkò ọmọ amọ̀kòkò, pẹ̀lú Abẹ́jẹ ọmọ wọn obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ògúnròǹbí olórí alágbẹ̀dẹ náà tẹ̀lé e, òun àti agbo ilé mẹ́jọ, nítorí ọba tuntun ti pàṣẹ pé ọ̀kọ̀ ni kí àwọn alágbẹ̀dẹ máa rọ, wọn kò gbọ́dọ̀ rọ ọkọ́ fún àgbẹ̀ mọ́. Gbogbo ìlú tí wọ́n dé ni ìránṣẹ́ Adéṣàkin ti ṣáájú wọn dé. Ibi tí wọ́n bá ti kan ilẹ̀kùn, wọn a bá a ní títì.

Nígbà tí ó rẹ̀ wọ́n tán, wọ́n dé orísun odò kan nínú igbó. Arúgbó kan ń ṣọ́ omi náà, Yéyé Arísun ni wọ́n ń pè é, ẹnu rẹ̀ sì ni omi fi ń sọ̀rọ̀. Ó ti ọwọ́ bọ omi, ó ní:

“Ibi tí igi ti kọ̀ tí kò dàgbà,
ibi tí òkúta dúdú ti fi àwọ̀ ewé bora,
ibi tí omi ti ń ṣàn tí ẹja kò gbé inú rẹ̀,
ibẹ̀ ni kí o sọ ẹrù rẹ kalẹ̀.
Ilẹ̀ tí ayé kọ̀ ni ayé kò ní lè gbà lọ́wọ́ rẹ.”

Adégoróyè ní, “Yéyé, kí ni a ó máa jẹ níbẹ̀?”

Arúgbó náà nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ. “Ǹjẹ́ mo ní ẹ ó jẹ? Mo ní ẹ ó dúró.”

Wọ́n tọ odò náà lọ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ní ọjọ́ keje, omi náà pàwọ̀ dà bí omi tí a fi fọ aṣọ aláró. Nítorí náà ni a ṣe ń pè é ní Odò Aláró títí di òní. Òkè kan wà létí rẹ̀, ó pá lórí, koríko kúkúrú olódòdó àlùkò nìkan ni ó hù síbẹ̀. Òun ni a ń pè ní Òkè Ìkọ̀, nítorí pé igi kọ̀ láti dàgbà níbẹ̀. Òkúta ara rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ibi tí ojú rẹ̀ ti sán, àwọ̀ ewé ń ṣàn jáde bí omijé.

Àwọn baba wa sọ ohun tí ó fà á. Wọ́n ní nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, iná inú ilẹ̀ hó, ó sì bu òkúta yíyọ́ jáde. Nígbà tí òkúta náà tutù, ihò wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ bí inú àkàrà. Omi gbígbóná láti ìsàlẹ̀ wá gbé bàbà gba inú ihò àti ojú sísán náà, ó fi í síbẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí bàbà wa fi ń rìn nínú àpáta bí gbòǹgbò igi, tí a fi ń rí i ní bàbà gidi. Irin ni a ń fi ìléru bẹ̀ kí ó tó di irin. Bàbà tiwa ti di bàbà kí a tó bí ènìyàn.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ èyí ní ọdún àkọ́kọ́. Iṣu tí wọ́n gbìn sórí òkè jẹrà, àgbàdo pọ́n kí ó tó yọmọ. Ebi mú wọn. Nígbà òjò, Abẹ́jẹ ṣàìsàn, ó sì kú. Wọ́n sin ín sórí Òkè Ìkọ̀. Àwọn kan ní kí a kúrò, kí a máa lọ. Ìyúnadé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè náà, ó ní, “Ẹ máa lọ. Èmi ti ní ẹni nínú ilẹ̀ yìí.” Kò sí ẹni tí ó lọ. Wọ́n sọdá Aláró, wọ́n dáko sí òdìkejì, ibẹ̀ ni a sì ń dáko sí títí di òní.

Ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta láti fi kọ́lé ni Ògúnròǹbí ti rí i. Wọ́n dáná sí ara àpáta, wọ́n da omi sí i, àpáta sán, ohun pupa kan sì so rọ̀ nínú rẹ̀ bí iṣan ara. Ó fà á yọ, ó fi òòlù lù ú, ó sì mọ ohun tí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń lù ú títí ni ó ń le, nígbà tí ó yá, ó là sí méjì.

“Ayédèrú ni,” ni Ògúnròǹbí wí, ó sì jù ú sílẹ̀.

Ìyúnadé ń sun ìkòkò lọ́wọ́ ní ọjọ́ náà. Ó ṣa bàbà náà, ó fi ìbínú sọ ọ́ sínú iná ìkòkò. Nígbà tí iná kú tí eérú tutù, ó wa á jáde, ó gbé e fún alágbẹ̀dẹ, ó ní kí ó tún un lù. Bàbà náà rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Ìyúnadé ní, “Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ohun tí a bá lù púpọ̀, ẹ jẹ́ kí ó sinmi nínú iná díẹ̀ kí ẹ tó tún lù ú.” Òfin alágbẹ̀dẹ Ìdóbàbà nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ẹ̀gbà, ìwọ̀ ẹja àti abẹ́rẹ́, wọ́n ń gbé e lọ sí ọjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ni wọ́n ń tà á fún, àti àgbẹ̀ àti apẹja. Kò pẹ́ tí obìnrin tí ń pọnmi ní Ìṣàràgbà fi wọ ẹ̀gbà bàbà gba iwájú ààfin kọjá.

Ní àkókò náà ni wọ́n gbẹ́lẹ̀ bá òkúta ńlá kan, bàbà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ga tó akọ màlúù, ó gùn tó ọkọ̀ ojú omi. Ògúnròǹbí gbìyànjú láti gé e, ṣùgbọ́n bàbà náà gbá irin mú, kò sì jẹ́ kí ó lọ. Wọ́n fi í sílẹ̀ ní ibi tí ó wà.

Adéṣàkin gbọ́. Ó kó ọ̀ọ́dúnrún ọkùnrin jọ, ó sì wá fúnra rẹ̀. Ó dúró níwájú òkúta náà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo bàbà abẹ́ ọ̀run, ti Oníṣàràgbà ni. N ó gbé èyí lọ ilé, ẹ̀yin náà ó sì ru ẹrù mi lọ bí ẹrú.”

Àgbà kan nínú àwọn ènìyàn wa sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ọmọọba, ẹ jẹ́ kí a dọ̀bálẹ̀. A kò ju ọgọ́rin lọ.”

Ìyúnadé gbọ́ ọ. “Ẹni tí ó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gorí òkè lọ sọ fún Abẹ́jẹ.”

Adégoróyè bọ́ síwájú, ó ní, “Adéṣàkin, n kò ní pè ọ́ ní Kábíyèsí lórí ilẹ̀ yìí. Òkúta náà rèé. Bí ó bá jẹ́ tìrẹ, gbé e. Bí o bá gbé e, a ó tẹ̀lé ọ. Bí ó bá kọ̀ ọ́, kí o máa lọ, kí o má sì padà wá mọ́.”

Ọba wo ọ̀ọ́dúnrún ọkùnrin rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi adé búra níwájú gbogbo wọn.

Wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n fà, okùn já. Wọ́n dáná yí i ká bí a ti ń ṣe sí àpáta, wọ́n da omi sí i. Àpáta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fọ́, òun kò fọ́. Wọ́n gbé àáké sí i. Ojú àáké ogún ni ó há sí i lára, ojú ọgbẹ́ wọn sì wà níbẹ̀ tí ẹ lè fi ọwọ́ kàn. Ní ọjọ́ keje, ọba fúnra rẹ̀ gbá okùn mú pẹ̀lú wọn. Okùn já, ó ṣubú sẹ́yìn sínú ẹrẹ̀ Aláró, adé sì yí kúrò lórí rẹ̀.

Adégoróyè na ọwọ́ ọ̀tún sí i láti gbé e dìde. Adéṣàkin wo ìka méjì náà pẹ́. Kò gbà á. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀, ó dìde, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Ó mú ìbúra rẹ̀ ṣẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí yìn ín. Ṣùgbọ́n ó fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo ọjà pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta iyọ̀ fún wa. Ọdún mẹ́sàn-án ni a fi jẹ ọbẹ̀ títẹ́, títí ó fi wàjà.

Láti ọjọ́ tí wọ́n fà á tí kò wá ni òkúta náà ti ń jẹ́ Àfàìwá, tí ìdó náà sì ń jẹ́ Ìdóbàbà. Adégoróyè jọba lórí rẹ̀, oyè rẹ̀ sì ni Adúrólé, ẹni tí ó dúró lé ilẹ̀ rẹ̀. A ń kì í pé:

“Adúrólé, ọmọ a-jẹbẹ̀-láìníyọ̀-má-sunkún,
ọmọ òkúta tí ọ̀ọ́dúnrún fà tí kò mì,
a-kọ̀-jálẹ̀ bí òkè tí ó kọ igi.”

Lọ́dọọdún, nígbà tí òjò bá dá, a kì í fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ fún ọjọ́ méje. A ó di okùn tuntun, a ó so ó mọ́ Àfàìwá, a ó sì pe àlejò àti onílé pé kí wọ́n wá fà á.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ akẹ́rù ńlá dé, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù. Wọ́n ní ẹnìkan ti ta òkè wa fún àwọn. Adúrólé ìsinsìnyí kò gba ìwé náà. Ó kí wọn káàbọ̀, ó ní kí a bu ọbẹ̀ títẹ́ fún wọn, ó sì ní kí a gbé okùn wá. Wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀ wọn. Ọkọ̀ náà ké, ó ké, táyà rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ títí ó fi rì dé ikùn. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, àwa náà ni a bá wọn ti ọkọ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Mo gbọ́ pé wọ́n tún ń bọ̀, pé ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé bọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ẹ dìde. Ẹ jẹ́ kí a lọ di okùn sílẹ̀ dè wọ́n.