Ọmọ Tó Ń Fẹ̀yìn Rákòrò

Ní ìletò Etíodò, wọ́n máa ń wí pé: "Ọmọ tó ń fẹ̀yìn rákòrò lọ bá alágbàtọ́, ẹ má wo ẹsẹ̀ ọmọ, ojú alágbàtọ́ ni kí ẹ wò." Àlejò á rẹ́rìn-ín. Ta ló rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí?

Ọjọ́ tí ìròyìn dé pé ọkọ̀ dà lójú omi, pé Fadérera bá a lọ, Ìbídùn àbúrò rẹ̀ ló gba ọmọ tó fi sílẹ̀, Lánrewájú. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá gba ọmọ òkú kò gbọdọ̀ sunkún, kí àìsàn má baà kọ lu ọmọ. Ìbídùn gbé ẹkún mì.

Ó tọ́jú ọmọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ojú ìyá rẹ̀ gan-an ni Lánrewájú gbé wáyé. Bí Ìbídùn bá ń bá a ṣeré lọ́wọ́, á ṣàdédé ranjú mọ́ ọn, á lọgun, "Yéè!", á sì tún gbá a mọ́ra.

Nígbà tí Lánrewájú máa rákòrò, ńṣe ló kẹ̀yìn sí Ìbídùn, tó ń fẹ̀yìn rákòrò lọ bá a.

Ìyá Ayọ̀ká, aládùúgbò wọn, rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú nídìí rẹ̀. "Lánrewájú lẹ sọ ọ́, ẹ̀yìn ló ń lọ! Ẹ tètè pa orúkọ dà!"

Wọ́n fi àdí pa ẹsẹ̀ ọmọ, wọ́n nà án, wọ́n fà á. Ẹ̀yìn náà ló ń lọ.

Ọ̀rọ̀ dé etí ìyá bàbá ọmọ. Ó wá láti mú un lọ.

"Ìbídùn, pè é kí n rí i."

Ó pè é. Ọmọ kẹ̀yìn, ó ń bọ̀. Gbogbo èèyàn ń wo ẹsẹ̀. Màmá ń wo Ìbídùn. Ó rí ẹ̀rín rẹ̀, bí ọmọ sì ṣe bojú wẹ̀yìn wò ó, ó rí i bí ẹ̀rín náà ṣe kú.

"Yéè!"

Ọmọ dúró gbagidi, ọwọ́ kan lókè.

"Ẹsẹ̀ ọmọ yìí kò ní àrùn," ni màmá wí. "Àyà rẹ ló ń wá, ojú rẹ ló ń sá fún."

"Màmá, Fadérera ni mo ń rí. Ẹ mú un lọ, mo ń dẹ́rù bà á."

"Kí n mú un lọ, kó tún pàdánù ìyá lẹ́ẹ̀kejì? Gbé e fún mi, kí o lọ sunkún bí èèyàn."

Ìbídùn lọ sétí omi, ó sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Màmá kò lọ mọ́. Nígbàkígbà tí ẹkún bá tún dé, á gba ọmọ, Ìbídùn á lọ sun ún.

Díẹ̀díẹ̀, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀gbẹ́ wá.

"Ó tún di akàn!" ni Ìyá Ayọ̀ká pariwo.

"Akàn náà ń délé," ni màmá dáhùn.

Ìgbà náà ni òwe wọn yé wọn: ọmọ tó ń fẹ̀yìn rákòrò lọ bá alágbàtọ́, ẹ má wo ẹsẹ̀ ọmọ; ojú alágbàtọ́ ni kí ẹ wò.

Lọ́jọ́ tí Lánrewájú kọjú wá, Ìbídùn gbé e lé ẹsẹ̀. Ó rọra pè é ní Àlàó, oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é, tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè láti ọjọ́ tí omi gbé Fadérera lọ.