Oògùn Etí Mọ́gàjí

Òjédìran ni mọ́gàjí agboolé Ìdí-Òro, òun ló sì ń dá ẹjọ́ ilẹ̀ láàárín ẹbí. Òfin ilé náà ni pé adití kì í jókòó dá ẹjọ́. Nígbà tí etí rẹ̀ méjèèjì wá dí bí etí ẹni tó rì sódò, tí ìpàdé ẹbí sì ku ọjọ́ mẹ́rin, kò rò ó pé àìsàn ni. Ó ní wọ́n ṣe é ni.

Gbogbo ètè tó bá ti ń mì, òun ni wọ́n ń sọ. Àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà rẹ́rìn-ín. Ó yí àga rẹ̀ padà kó lè máa ṣọ́ wọn. Adìẹ kan ya ẹnu níwájú rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fura sí adìẹ náà.

Àbúrò rẹ̀ Láwoyin, ẹni tí oyè kàn lẹ́yìn rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbé oògùn dé, oje ewé tábà nínú àdó. Ó lọgun sí i létí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dẹ orí, kí n kán an sí i. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa gbọ́ ìrìn èèrà."

"Ẹni tó gbé ẹmu wá, ta ló ń kọ́kọ́ mu ún?"

"Òun náà ni. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ẹmu."

"Mo mọ̀. Etí kì í sì í ṣe ẹnu. Kán an sí tìrẹ."

Ojú ti pọ̀ lára Láwoyin. Ó kán an sí etí ara rẹ̀ méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá di orí mú, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ìyàwó Òjédìran, Àṣàkẹ́, gbé àdín tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá. Kí ọkọ rẹ̀ tó lanu, ó ti kán an sí etí ara rẹ̀. Òjédìran wò ó títí oòrùn fi kúrò lára ògiri.

Àṣàkẹ́ lọgun sí i létí: "Ẹ ṣì ń wò mí?"

"Mò ń wò ọ́."

Lẹ́yìn náà ló gbà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kán an, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ti ìyàwó ló sì ń ṣáájú. Ní ọjọ́ kẹrin, ó rọra fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ṣan án. Ìdọ̀tí etí bọ́ sílẹ̀, ó dúdú bí irú.

"Ta ló fi í síbẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ìyẹ́ adìẹ tí ẹ fi ń nu inú etí láràárọ̀ kò kó o jáde, ńṣe ló ń tì í wọlé."

Òjédìran tún wo adìẹ náà fún ìgbà pípẹ́.

Nípàdé ẹbí lọ́jọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ tí Òjédìran kò gbọ́. Láwoyin ló gbé àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn etí, tó ń bi ẹni tó jókòó tì í pé, "Kí ni wọ́n wí?" Nígbà tí wọ́n bi mọ́gàjí léèrè oògùn tó lò, kò dárúkọ àdín, kò dárúkọ omi. Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà ń pa lówe títí dòní, pé ìfura loògùn àgbà.