Ìkòkò Mẹ́fà tí Ìyá Aláró Fi Sílẹ̀

“A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.” Òwe yìí kò ṣàjèjì sí etí ẹnikẹ́ni nínú wa. À ń pa á fún tọkọtaya, à ń pa á fún onílé àti ayálégbé. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà? Ẹni tó bá rò pé inú kóòtù ni wọ́n ti kọ́kọ́ pa á, kó fara balẹ̀. Bí àwọn tó bí wa ṣe sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ìkòkò aró ló bí i.

Ní ìlú Ìdí-Ọdán, nígbà tí kóòtù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn èèyàn ṣì ń lọ wo ilé rẹ̀ bí ẹni lọ wòran, obìnrin aláró kan wà tó bí ọmọbìnrin méjì. Àwẹ̀ró ni ẹ̀gbọ́n, Àjíhún ni àbúrò. Nígbà tí àìsàn dá ìyá wọn dùbúlẹ̀, Àjíhún wà nílé ọkọ ní ọ̀nà jíjìn. Àwẹ̀ró ló tọ́jú ìyá fún ọdún mẹ́ta gbáko. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ. Lẹ́yìn tí ìyá dákẹ́, ọwọ́ Àwẹ̀ró a ṣì máa nà sí igbá omi ìwẹ̀ láàárọ̀, kó tó rántí pé kò sí ẹni tí òun fẹ́ wẹ̀ mọ́.

Ohun tí ìyá fi sílẹ̀ kò ju ìkòkò mẹ́fà lọ. Méjì-méjì ni aláró ń lo ìkòkò. Ti òkè ní ihò nídìí, inú rẹ̀ ni wọ́n ń da eérú sí. Bí wọ́n bá bu omi lé eérú náà, omi a máa kán tó, tó, tó, sínú ti ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n ń fi rẹ ewé ẹ̀lú. Láìsí i, kò sí aró.

Ìyá kò tíì lo oṣù mẹ́rin nínú ilẹ̀ tí ọkọ Àjíhún náà fi kú. Àjíhún di ẹrù rẹ̀, ó padà wálé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká jọ máa rẹ aró ìyá wa.”

“Níbo lo wà nígbà tí ìyá kò lè dá yí ẹ̀gbẹ́ padà?” ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn. “O kò rí ìyá, ìkòkò lo wá rí!”

Ọ̀rọ̀ dé etí Bàbá Adégún, ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Bàbá tẹ́ ẹní, ó pè wọ́n jókòó.

“Ẹ gbọ́ bí a ó ṣe ṣe é,” ni ó wí. “Lónìí, Àwẹ̀ró yóò sọ tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́la, Àjíhún yóò sọ tirẹ̀. Lọ́túnla, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí. Èmi kò ní dájọ́. Ohun tí a bá sì sọ lórí ẹní yìí, bí a bá ti ká ẹní, a ti ká a pọ̀ mọ́ ọn.”

Àwẹ̀ró rojọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó sọ tán, ó wo ojú Bàbá, ó ń retí gbólóhùn kan ṣoṣo: ìwọ lo jàre. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá ni ó ti ń retí rẹ̀ lẹ́nu ẹnì kan.

“Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi,” ni Bàbá wí. “Ó di ọ̀la.”

“Ó di ọ̀la kẹ̀? Ẹ kò ní sọ ẹni tó jàre?”

“Bí mo bá sọ ọ́ lónìí, kí ni mo fẹ́ wá fi etí gbọ́ lọ́la?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àjíhún. Kò ju èémí lọ, ṣùgbọ́n ó gún Àwẹ̀ró bí abẹ́rẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò padà sórí ẹní. Kóòtù ló gbà lọ.

Kò sí ẹní ní kóòtù. Akọ̀wé ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ sínú ìwé ńlá, àwọn olùwòran sì kún ojú fèrèsé. Nígbà tó kan Àwẹ̀ró, ó ní, “Ọmọ yìí kò mú fọ́nrán òwú kan wá sin ìyá rẹ̀.”

“Háà!” làwọn ará ìta wí.

Ojú Àjíhún ṣókùnkùn. “Nígbà tí mo wá bẹ ìyá wò, ó sọ fún mi pé oúnjẹ Àwẹ̀ró kì í dé láìsí èébú nínú rẹ̀. Ó ní ebi ìbá sàn.”

Àwẹ̀ró rántí ọjọ́ mélòó kan tí àárẹ̀ mú un, tí ẹnu rẹ̀ gbóná sí ìyá. Kò lè sọ pé irọ́ ni. Akọ̀wé sì kọ ìyẹn náà.

Adájọ́ kò rẹ aró rí. Ó ní ìkòkò mẹ́fà ni, kí wọ́n pín in ní mẹ́ta-mẹ́ta. Akọ̀wé tẹ̀ lé wọn dé ìdí aró, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ funfun sókè.

“Òkè ni àgbà ń wà,” ni ó wí. “Ẹ̀gbọ́n, kó ti òkè. Àbúrò, kó ti ìsàlẹ̀.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró mọ̀ pé wọ́n ti ba iṣẹ́ ìyá jẹ́, Àjíhún náà mọ̀. Oníkálùkù ń dúró kí ẹnìkejì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Oníkálùkù kó mẹ́ta tirẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìkòkò ṣeé rà. Kò pé oṣù kan tí àwọn méjèèjì fi ra èyí tó kù lọ́wọ́ amọ̀kòkò. Ṣùgbọ́n bí ọdún kan ikú ìyá ṣe ń sún mọ́lé, Àwẹ̀ró rí i pé, yàtọ̀ sí òun, ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ bí ìyá ṣe máa ń wúkọ́ díẹ̀ kó tó pe ọmọ lórúkọ. Ó gbé ọ̀kan nínú ìkòkò oníhò náà rù, ó lọ bá àbúrò rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀ rí, láti ojú ọ̀nà ni Àjíhún ìbá ti máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìrìn rẹ̀ jọ ti pẹ́pẹ́yẹ. Lọ́jọ́ yìí, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Ó gbé àga wá, ó fi etí aṣọ nù ún. Ó bu omi wá, ó fi ọmọrí dé e.

“Mo gbé ìkòkò kan wá fún ọ.”

“Ẹ ṣeun. Ìkòkò mi ti pé.”

“Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà, Àjíhún, inú ló bí mi.”

“Inú bí èmi náà. Mo ti dárí jì yín. Aṣọ tí mo tọ́jú láti fi sin ìyá, mo tà á ra oògùn fún bàbá àwọn ọmọ mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín lórí ẹní Bàbá lọ́jọ́ kejì. Ẹ kò wá. Ní báyìí, bí mo bá ń lọ lọ́jà, wọn a ní, ‘Ẹ wo ẹni tí kò mú òwú sin ìyá rẹ̀.’ Ta ni yóò lọ pa á rẹ́ nínú ìwé?”

Àwẹ̀ró mu omi náà, ó dúpẹ́, ó gbé ìkòkò rẹ̀ padà. Bàbá Adégún rí i lójú ọ̀nà.

“Ṣé ó lé ọ ni?”

“Kò lé mi, Bàbá. Ó fún mi ní àga bí àlejò.”

Bàbá mi orí. “Háà! A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.”

Ẹnu Bàbá Adégún ni òwe náà ti bọ́ sí ìgboro. Àwọn àgbà kì í pa á láti fi tàbùkù kóòtù, nítorí ẹjọ́ olè àti ti apànìyàn, ibẹ̀ náà ló yẹ ẹ́. Ìgbà tí ọmọ ìyá, ọkọ, aya tàbí aládùúgbò bá fẹ́ gbé ẹjọ́ ara wọn lọ síta ni wọ́n ń pa á, kí oníkálùkù lè kọ́kọ́ jókòó sórí ẹní, kó sì gbọ́ ti ẹnìkejì tán. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lè má gbọ́ “ìwọ lo jàre.” Ṣùgbọ́n bí ó bá dìde, yóò ṣì ní ẹni tí yóò máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.