Baálẹ̀ ní Kí Alágbàfọ̀ Fún Òun Láṣọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Lọ́dún ọ̀dá kan, Baálẹ̀ pàṣẹ pé ẹni tó bá da omi sílẹ̀ kò gbọdọ̀ fa omi kànga mọ́ láéláé, ló bá tún gbé agbádá rẹ̀ fún Ṣubúọlá alágbàfọ̀ pé kó fọ̀ ọ́, kí omi má kán sílẹ̀. Ṣubúọlá fọ agbádá mọ́ tónítóní, ó sì gbé e tọ Baálẹ̀ lọ bó ṣe wà nínú ọpọ́n omi. "Fún mi láṣọ mi!" "Bàbá, bí mo bá fún un, omi á dà sílẹ̀." "Mo ní kó o fún mi!" "Òfin yín ò gbà á, bàbá. Ẹ fún un fúnra yín." Ni Baálẹ̀ bá fa agbádá yọ, omi sì dà wàà lójú gbogbo ìjòyè. Ṣubúọlá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀: "Ẹ má mikàn, bàbá, èmi á máa bá yín fa omi láti òní lọ." Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní òfin òun ò kan omi ìfọṣọ mọ́, kó máa lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.