Ẹfúnyẹlá àti Ọkọ̀ Mẹ́fà Tó Lọ sí Erinwó

Ọdún mẹ́ta gbáko ni àwọn ará Erinwó, ìlú tó wà láàárín ọ̀sà, fi dí ojú omi mọ́ Ìdótà, ìlú wa. Iyọ̀ kò wọlé, ẹja kò wọlé, ẹni tó bá sì lọ pọn omi létí ọ̀sà lè má padà wálé mọ́. Ìdí nìyí tí Balógun Òtúsanyà fi kó ọgọ́fà ọmọ ogun sínú ọkọ̀ mẹ́fà. Àwọn kan ní méje ni. Àwọn àgbà ilé wa ní mẹ́fà. Akíkanjú ni Balógun lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ àti ọdẹ ni àwọn ènìyàn rẹ̀. Wọ́n ní láti bẹ Ẹfúnyẹlá, ìyá ńlá ilé wa, kó wá bá wọn tukọ̀. Abúlé apẹja ni wọ́n ti gbé e wá sílé ọkọ. Òun là ń kì ní Abẹ̀rẹ̀-kí-ìgbì-kọjá, Aràbà tó ki ẹsẹ̀ bọ odò. Ọkọ rẹ̀, Ògúnṣọlá, wà nínú ọkọ̀ Balógun.

Òfin kan wà nígbà náà: bí Balógun bá wà ní ìdúró, jagunjagun kankan kò gbọdọ̀ jókòó. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Balógun dúró ṣánṣán níwájú ọkọ̀ rẹ̀, gbogbo ọmọ ogun sì dúró. Ẹfúnyẹlá tu ọkọ̀ tirẹ̀ sún mọ́ ọn.

“Bàbá, ẹ dákun, ẹ jókòó. Omi kì í mọ olóyè.”

“Ìyàwó, ṣé kí ará Erinwó rò pé ẹ̀fọ́ ni mo gbé wá tà?”

Àwọn ọmọ ogun rẹ́rìn-ín. Ògúnṣọlá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Yẹlá, tu ọkọ̀ rẹ.”

Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni, omi ti fà. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ Erinwó, ọkọ̀ Balógun gun òkìtì ẹrẹ̀. Àwọn tó wà ní ìdúró wó sí apá kan, ọkọ̀ sì dojú dé sínú ibú. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e kọlù ú, wọ́n dojú dé bákan náà. Ẹ̀wù ogun tí wọ́n fi irin àti oògùn rán fa àwọn ènìyàn lọ sísàlẹ̀ omi. Ará Erinwó kò tíì yin ìbọn ju mẹ́ta lọ.

Ẹfúnyẹlá gbé ọ̀pá ìtukọ̀ sókè. “Ẹ jókòó. Ẹni tó bá dìde, èmi ni màá tì í sómi.” Wọ́n jókòó. Ó ń na ọ̀pá sí ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù, ó ń kó wọn sínú ọkọ̀ tirẹ̀ àti ọ̀kan tó kù. Ó rí ọkọ rẹ̀ lókèèrè tó di etí ọkọ̀ tó dojú dé mú. Ẹni mọ́kànlá tó ń rì ló wà láàárín òun àti ọkọ rẹ̀. Ó mú wọn níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi débẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni létí ọkọ̀ náà mọ́.

Ẹni mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló padà. Balógun kò sí nínú wọn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń dúró ní èbúté.

“Yẹlá, ọmọ mi ńkọ́?”

“Mo rí i, ìyá. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ mú.”

Ìyá náà wo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ títí, ó sì bọ́ ìborùn rẹ̀ fún ẹni tí òtútù ń mú jù nínú wọn.

Ìdótà kò gba Erinwó rí. Ní ọdún kejì, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ṣí ojú omi tí ogun kò lè ṣí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, inú ọkọ̀ la ti ń fi Balógun jẹ, ní Èbúté Yẹlá. Obìnrin ilé wa ló ń di ọ̀pá mú. Yóò ní, “Bàbá, ẹ jókòó.” Ìgbà tó bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọkọ̀, tí omi rin aṣọ oyè rẹ̀, ni ìlú tó ń pè é ní Balógun.