Oògùn tí Wọ́n Pè ní Ti Orúnkún

Obìnrin kan wà tí ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin kí jẹjẹrẹ tó yọ sí i lọ́mú òsì. Kókó náà kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Dókítà gé e kúrò, ó sì dá ọmú sí. Àwọn ọmọ sọ fún ìyá pé eéwo ni.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, dókítà pe ọmọkùnrin àgbà sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí ọmọ náà ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bá ìyá sọ ọ́. Ó ní ọ̀nà méjì ni ó wà. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ tan ìtànṣán sí ọmú náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí kí ìyá máa lo oògùn kan lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún, èyí tí yóò dín èròjà ara obìnrin tí ń bọ́ irú jẹjẹrẹ yẹn kù. Ní ọjọ́ orí rẹ̀, pẹ̀lú bí kókó náà ti kéré tó, ọ̀kan nínú méjèèjì lè tó. Bí kò bá ṣe ìkankan, ó lè tún hù níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n bi ìyá léèrè èyí tí ó fẹ́.

Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ìpàdé, wọn kò pe ìyá sí i. Wọ́n ní ìlú tí ẹ̀rọ wà jìnnà, pé bí àgbàlagbà bá gbọ́ orúkọ àìsàn yẹn, ẹ̀rù á pa á. Wọ́n mú oògùn. Àbígbẹ̀yìn gbé e fún un, ó ní, "Màmá, ti orúnkún tí ń ro yín nìyí o." Ìyá súre fún wọn.

Oògùn náà a máa mú kí oríkèé ara ro àwọn kan. Kí oṣù méjì tó pé, ìyá kò lè kúnlẹ̀ gbàdúrà mọ́. Ó wò ó pé oògùn orúnkún tí ń ba orúnkún jẹ́ kò wúlò fún òun, ó sì dá a dúró. Kò fẹ́ kí inú àwọn ọmọ bàjẹ́, nítorí náà àràárọ̀ ni ó ń yọ hóró kan, tí ó ń jù ú sí ṣáláńgá.

Oṣù mẹ́jọ ni ó fi wà láìní ìtànṣán, láìní oògùn. Àwọn ọmọ ń dúpẹ́ pé ara Màmá le.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì kan tí wọn kò tíì bẹ̀ pé kí ó pa á mọ́ bi ìyá bóyá ó ń lo oògùn jẹjẹrẹ rẹ̀ déédéé. Ìyá wo ọmọ rẹ̀ tí ó sìn ín wá. Ọmọ ń wo ilẹ̀. Ó ní ìfẹ́ ló mú àwọn ṣe é.

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. "Mo sin bàbá yín, mo sin ọmọ méjì, ẹ̀rù kò pa mí. Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mu ọmú yìí, mo sì gbà á lẹ́nu yín nígbà tó yá. Lónìí mo tún gbà á."

Ó jẹ́wọ́ fún dókítà pé òun ti dá oògùn náà dúró. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan tuntun. Ó wá ṣàlàyé ọ̀nà méjèèjì fún ìyá fúnra rẹ̀. Ìyá yan ìtànṣán. Ọmọ ní ìlú yẹn jìnnà.

"Ṣé ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi rìn ín ni?"

Ó lọ. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, márùn-ún lọ́sẹ̀, ni ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ náà, kò pa ọ̀kan jẹ. Dókítà kò ṣèlérí fún un pé jẹjẹrẹ náà kò ní padà. Òun náà kò bèèrè ìlérí.

Ìwọ tí o wá bá mi láàárọ̀ yìí pé kí n bá ọ fi irú àìsàn yìí pa mọ́ fún ìyá rẹ, n kò ní í bá ọ ṣe é. Ìyá rẹ kì í ṣe ọmọ rẹ. Lọ jókòó tì í, pe àìsàn náà lórúkọ rẹ̀, sọ gbogbo ohun tí dókítà wí, kí o sì pa ẹnu mọ́ títí yóò fi yàn. Bí ohun tí ó yàn bá bí ọ nínú, máa bínú, ṣùgbọ́n bá a gbé báàgì rẹ̀.